Ta Ló Ni Àṣírí Náà?

BÍSÍ: Sà, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ní London yìí. Ọmọ Yorùbá kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣe àyẹ̀wò. Àléébù tó lè fa ikú òjijì wà lára jíìnì MYH7 rẹ̀. Ó ní àwọn àbúrò òun ò gbọdọ̀ gbọ́.

ÀLÀBÍ: MYH7! Òun ló ń ṣe myosin, purotéènì tí iṣan ọkàn fi ń fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè tú jáde. Òun àti MYH6 ló fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn lórí kúrómósóòmù kẹrìnlá, bí ojúlé méjì nínú agboolé kan. Jíìnì kan ṣoṣo ni wọ́n látijọ́ kó tó di méjì, tí wọ́n sì pín iṣẹ́ ṣe. Mẹ́fà mìíràn tò lórí ìkẹtàdínlógún fún iṣan ara yòókù.

BÍSÍ: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ẹjọ́ ni mo gbé wá.

ÀLÀBÍ: Ẹjọ́ náà ni mò ń dá. Lọ́dọ̀ òbí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń wá. Ogún ni. Ẹnì kan kì í dá ilẹ̀ ẹbí tà.

BÍSÍ: Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́. Ẹ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń wádìí ìdílé. Bí wọ́n bá gbọ́ ikú òjijì, ṣé wọn ò ní yẹra?

ÀLÀBÍ: Ìyẹn wúwo, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àléébù yìí kò dà bíi jẹ́nótáìpù AS, tó ń retí AS mìíràn kí ọmọ tó ṣàìsàn. Ẹyọ kan péré ti tó níbí, fífítì-fífítì sì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹbí kan wà ní Coaticook, ní Quebec, ní Kánádà. Ní 1961 àwọn dókítà kọ ọ́ pé ògiri ọkàn wọn ń nípọn jù láti ìran dé ìran, àwọn mìíràn a sì ṣubú kú lójijì. Ó di 1990 kí wọ́n tó rí i pé ẹyọ lẹ́tà kan tó yí padà nínú MYH7 ló fà á. Àwọn yẹn ò mọ̀. Aláìsàn tìrẹ mọ̀, ó wá panu mọ́!

BÍSÍ: Kí n pe àwọn àbúrò rẹ̀ láìgbàṣẹ rẹ̀, àbí?

ÀLÀBÍ: Rárá o! Bí nọ́ọ̀sì bá ń tú àṣírí, ta ló tún máa wá ṣàyẹ̀wò? Ẹnu tirẹ̀ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Kò kan àwọn àna. Kó ṣáà ní kí àwọn àbúrò rẹ̀ lọ ṣe sikáànù ọkàn. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ tún bẹ̀ ẹ́.

BÍSÍ: Bó bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ní 2020, ilé ẹjọ́ gíga níbí sọ pé dókítà lè ní láti fi ewu tó wà fún ìbátan wé àṣírí aláìsàn, kó wo èyí tó tẹ̀wọ̀n jù.

ÀLÀBÍ: Ìwọ wọ̀n ọ́n fún mi. Àwọn àbúrò rẹ̀ mélòó?

BÍSÍ: Mẹ́ta, sà. Àbíkẹ́yìn wọn ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́.