Ẹni Tó Lọ àti Ẹni Tó Ń Tiro Bọ̀

Bíléèdì ló fi ń ha á. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé, ọdún 2011. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lẹ táyà nítòsí ìsọ̀ oníwèé-ìròyìn àdúgbò wa n'Íbàdàn jókòó sórí ògbólógbòó táyà kan, ó tẹ́ ẹ̀wù pupa Liverpool rẹ̀ sórí itan, ó ń ha orúkọ Torres kúrò lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Gbogbo àwa tí a pé lé ìwé ìròyìn lórí ń wò ó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní kó dá ọwọ́ dúró.

Lálẹ́ àná rẹ̀, bí àsìkò ríra àti títa agbábọ́ọ̀lù ṣe ń parí lọ, Chelsea san mílíọ̀nù pọ́n-ùn 50 kí wọ́n tó rí Fernando Torres gbà. Títí di alẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì san iye bẹ́ẹ̀ rí lórí agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Liverpool ti kó mílíọ̀nù 35 fún Newcastle lórí Andy Carroll, ọmọ ọdún 22, tó ga bí igi ọ̀pẹ, tó sì ti farapa ní itan. Kò ní lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Luis Suárez náà dé láti Ajax lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ oníwèé-ìròyìn, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n pe ẹni tó lọ. Arọ ni wọ́n pe ẹni tó ń bọ̀. Ọkùnrin kan ní ewúrẹ́ tó ń tiro, ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń tà á, báwo ni Liverpool ṣe wá fi owó orí màlúù rà á? Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tún fi tèmi kún un. N kò ní kọ ohun tí mo sọ síbí, nítorí pé ó ṣì ń dùn mí pé ẹnu mi ló ti jáde.

Tíṣà àgbà kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa ń ka ojú ewé eré ìdárayá kó tó ka ti òṣèlú. Ó yíjú sí ọmọ alátáyà.

"Ọmọ mi, góòlù mélòó ni Torres yìí gbá fún yín?"

"Ó lé ní 80, sà."

"Ẹ ti kí i?"

Ọmọ náà kò dáhùn. Ó ń bá bíléèdì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Yorùbá kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń di irun, ẹni tó ru igi ti oko bọ̀, kálukú ló ní kíkí tirẹ̀. Bí àlejò tí a kò mọ̀ rí bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì, "pẹ̀lẹ́" á ti jáde lẹ́nu wa kí a tó ronú, bẹ́ẹ̀ àwa kọ́ la gbé òkúta síbẹ̀. Wọn kì í kọ́ ọmọlúàbí ní èyí nílé ìwé; ilé ló ti ń bá a bọ̀, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni gbèsè tí a jẹ àwọn ọkùnrin méjì yìí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: "o kú iṣẹ́" fún ẹni tó ń lọ, "pẹ̀lẹ́" fún ẹni tó ń bọ̀. A kò san ọ̀kankan.

Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ tí à ń lò wà lára ohun tó ń bà wá jẹ́. A ní wọ́n ta Torres, a ní wọ́n ra Carroll. Nínú èdè wa, ènìyàn tí wọ́n bá ń rà tí wọ́n ń tà, ẹrú ni. Ìwọ̀fà pàápàá, tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé owó, a kì í sọ pé wọ́n rà á. Ohun tó ń kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì nínú bọ́ọ̀lù, ìforúkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ni. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò sí lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹnu bá ti lè wí pé "a rà á", ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí a ṣe ń wo ẹran lọ́jà: ṣé ó sanra, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ṣé wọn ò rẹ́ wa jẹ. Bí "arọ" ṣe bọ́ sí wa lẹ́nu nìyẹn, àwa ọmọ àwọn tó ń pe ẹni tí ara rẹ̀ kò pé ní ẹni òrìṣà.

Kì í ṣe pé olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀. Mílíọ̀nù 35 lórí ẹni tí kò lè sáré lọ́la, ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹni tó ni owó ló yẹ kí a bi í. John Henry tó ni Liverpool sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn náà: iye tí Newcastle bá pè ni wọ́n ń fi mílíọ̀nù 15 lé kí wọ́n tó pe iye fún Chelsea. Èyí ni pé iye orí Carroll kò tiẹ̀ ti ọwọ́ Carroll wá. Àwọn olówó mẹ́ta ló ń bá ara wọn dúnàá-dúrà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọdékùnrin náà sì wà nínú hẹlikópítà. Àwa wá mú iye yẹn, a gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, a ní kó máa rù ú kiri pápá.

Torres ńkọ́? Èmi kò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àsìkò parí ló kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti kọrin orúkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọmọlúàbí kì í dìde láìdágbére nígbà tí oúnjẹ wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá bínú sí i nítorí èyí, ó ní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Xabi Alonso ti lọ ní 2009. Javier Mascherano lọ ní 2010. Ọdún yẹn kan náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú Torres wá, Rafael Benítez, kúrò, tí gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹgbẹ́ náà mì kí ilé ẹjọ́ ní London tó dá sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Torres ní orúnkún láàárín oṣù mélòó kan nínú ọdún 2010. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẹni tí à ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, nínú ẹ̀wù wa ni orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Góòlù 81 ló gbá fún Liverpool. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni; àwa la ṣe bí ọlọ́ṣà níbẹ̀. Ní Liverpool fúnra rẹ̀, àwọn kan dáná sun ẹ̀wù rẹ̀.

Ọmọ Gateshead ni Carroll, létí Newcastle. Ẹgbẹ́ tó ń gbá fún ni ẹgbẹ́ tó ti fẹ́ràn láti kékeré. Newcastle ní Carroll fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ. Carroll ní wọ́n ti òun sí i ni. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà ló tó kọ́kọ́ bọ́ sí pápá fún Liverpool. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Manchester City. Lẹ́yìn ìyẹn, góòlù rẹ̀ ń kán tótó ni. Nínú àṣekágbá ife FA ọdún 2012, ó wọlé, ó gbá ọ̀kan sáwọ̀n Chelsea, ó tún kan òmíràn lórí tí Petr Čech fi ọwọ́ gbà lójú ìlà. Chelsea borí, 2 sí 1. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bú.

Ọ̀rọ̀ Suárez ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àìsàn náà jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ìparí ọdún 2011, ìgbìmọ̀ FA dá a lẹ́bi pé ó fi àwọ̀ dúdú bú Patrice Evra, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ alátakò. Wọ́n dá a dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8, wọ́n sì bu owó ìtanràn pọ́n-ùn 40,000 lé e. Kí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Liverpool ṣe? Wọ́n wọ ẹ̀wù tí àwòrán rẹ̀ wà ní àyà jáde ní Wigan. Kí ni àwa ṣe n'Íbàdàn, àwa tí awọ ara wa dúdú ju ti Evra lọ? A gbèjà rẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ tó sọ ò nítumọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ní oṣù Igbe ọdún 2013, ó fi eyín gé Branislav Ivanović ti Chelsea jẹ ní apá lójú gbogbo ayé. A tún wá àlàyé. Nígbà tó fi máa gbá góòlù 31 nínú líìgì ọdún tó tẹ̀ lé e, a ti gbàgbé.

Carroll kò bú ẹnikẹ́ni, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Góòlù ni kò ní, a sì fi góòlù ṣe òṣùwọ̀n ìwà. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, ó burú ju ìbínú lọ, nítorí pé ìbínú a máa rọlẹ̀. Òṣùwọ̀n tó bá ti wọ́, gbogbo ohun tí a bá fi wọ̀n ni yóò wọ́.

Bẹ́ẹ̀ a mọ bí a ti ń kí ènìyàn ní pẹ̀lẹ́ dáadáa, nítorí a ti ṣe é rí. Lọ́dún 1996, lẹ́yìn tí Kanu Nwankwo gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíḿpíìkì bọ̀ láti Atlanta, àwọn dókítà Inter Milan rí i pé ọkàn rẹ̀ ní àléébù tó lè pa á. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni. Massimo Moratti tó ni Inter nígbà náà kò lé e. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, wọ́n dúró dè é. Gbogbo wa la dúró. Mo rántí àdúrà ní mọ́ṣáláṣí, mo rántí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún ọmọ Ìgbò tí púpọ̀ nínú wa kò fojú kàn rí. Kò sẹ́ni tó béèrè iye tí Inter san. Arsenal gbà á ní 1999, kí ọdún sì tó parí, ó ti gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Chelsea nílé wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n kó tó gbá bọ́ọ̀lù kankan ni a ti kí i ní pẹ̀lẹ́. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2025 náà, nígbà tí Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, sáré kọ lu òpó góòlù nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nottingham Forest, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún un, tí wọ́n sì fi oògùn mú un sùn, àdúrà ló gba ẹnu gbogbo wa. Liverpool ló kọ́kọ́ mú Awoniyi lọ sókè òkun ní 2015, wọ́n sì tà á ní 2021 láìjẹ́ kó gbá ìdíje gidi kan fún wọn. Ṣé ẹ rí i, mo tún ti lo ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2015, Torres padà sí Anfield fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àánú tí Steven Gerrard pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí. Bó ṣe bọ́ sí pápá, àwọn èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Orí fóònù ọmọ alátáyà ni mo ti wò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ kan náà. Tíṣà àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà kan tó ń dúró dè é. Ẹ̀wù pupa ọjọ́ yẹn ló wọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ti ṣá, epo ti ta sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí bíléèdì ti kọjá, mo ṣì lè ka lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.