Lọ́yà Ni, Ṣé Ó Tó?

Ìjọba tuntun kì í dé kí ariwo yìí má sọ nínú mọ́tò àti nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn: “Lágbájá ló bá wọn ṣe kámpéènì, òun ni kí wọ́n fi ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà.” Bí ẹnìkan bá bèèrè pé iṣẹ́ wo ni Lágbájá ti ṣe rí, wọ́n á ní, “Lọ́yà ṣáà ni, kí ló tún kù?” Ẹ̀yin èèyàn wa, ó kù o.

Ẹni tó fẹ́ ṣe mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà, òfin kò sọ pé dókítà ni kó jẹ́. Ti Agbẹjọ́rò Àgbà yàtọ̀. Abala 150 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ó gbọ́dọ̀ ti tó ọdún 10, ó kéré tán, tí onítọ̀hún ti lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe iṣẹ́ lọ́yà nílẹ̀ yìí. Kí ló fà á? Agbára ọwọ́ rẹ̀ ni. Abala 174 fún un láṣẹ láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba èyí tí ẹlòmíràn pè ṣe, àti láti dá ẹjọ́ dúró kí adájọ́ tó dá a. Gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ lè dá ẹni tó wà nínú àpótí ẹjọ́ padà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti jò: ọdún ni òfin kà, kò ka iṣẹ́. Ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí lọ́yà, tó wá lọ ń ta sìmẹ́ńtì fún ọdún 10, wọ́n á ní ọdún tiẹ̀ náà pé.

Ara Amẹ́ríkà la wò kọ́ ìjọba ààrẹ ní 1979, ẹ jẹ́ ká wo tiwọn. Ní 1961, Ààrẹ John Kennedy fi àbúrò rẹ̀, Robert, ẹni ọdún 35, ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà. Robert kàwé òfin, ó sì ti bá àwọn ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì dúró rojọ́ ní kóòtù rí. Síbẹ̀, ní 1962, ó rán agbófinró lọ dáàbò bo James Meredith, adúláwọ̀ tí wọn kò fẹ́ kó wọ Yunifásítì Mississippi. Ní 1963 ẹ̀wẹ̀, òun náà ló fọwọ́ sí i kí FBI máa fetí kọ́ ọ̀rọ̀ Martin Luther King lórí tẹlifóònù.

Tí ẹni tó nírìírí ńkọ́? John Mitchell ti ṣe lọ́yà pẹ́ ní New York kí Ààrẹ Nixon, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó fi í sípò ní 1969. Ọ̀ràn Watergate ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Elliot Richardson, tó dé ipò náà ní 1973, ti ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ Massachusetts rí. Nixon ní kó lé Archibald Cox, tó ń wádìí Watergate, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Richardson kọ̀, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣé ìrírí wá já mọ́ nǹkan? Ó já mọ́ ọn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ìrírí wo? Lọ́yà tó mọṣẹ́ a máa wo ojú oníbàárà tó ń sanwó fún un, a sì sọ fún un pé, “Alàgbà, ẹ ò ní ẹjọ́ rò níbí.” Ìrírí yẹn ni mò ń wí. Ẹni tí kò sọ ọ́ fún oníbàárà rí, ṣé ààrẹ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Mitchell ní ọdún lọ́wọ́, kò lè kọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn Sẹ́nétọ̀ wa yé ní kí ẹni tó wá síwájú wọn tẹríba kó máa lọ. Kí wọ́n bi í pé: “Ẹjọ́ wo lo ti rò? Ọ̀gá wo lo sì ti sọ ‘rárá’ fún rí?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó padà sí ìdí sìmẹ́ńtì rẹ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn náà.