Hijira àti Gbèsè Tó Ṣẹ́kù Nílé

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ló gba ẹnu wa kan báyìí. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, kí a tó wọ bàtà, ẹnìkan á ti máa béèrè iye tí owó físà ti di. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn tó ń lọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tó dúró ni kò gbọ́n. Àwa kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ṣíṣí kúrò nílùú ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kódà, òun la fi ń ka ọdún ẹ̀sìn wa: nígbà tí Khalifa Umar àti àwọn sàábé fẹ́ fi òǹkà ọdún lélẹ̀, ọdún tí Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, 622, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nílé pọ̀. Ìnilára ló lé àwọn tó kọ́kọ́ ṣí. Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí àwọn Kuraiṣi ń fìyà jẹ àwọn aláìlágbára, Ànábì ní kí wọ́n lọ sí Habasha, ní apá Ethiopia, nítorí ọba ibẹ̀ kì í jẹ́ kí a rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé Kìrìsìtẹ́nì ni ọba náà. Àwọn Kuraiṣi fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i pé kó dá wọn padà. Ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu Jafar ọmọ Abi Talib, ó sì kọ ẹ̀bùn wọn. Òwò ló gbé àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ṣakí lọ sí Gánà. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ wálé. Ogun, ọ̀dá, ìwé kíkà, ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí ènìyàn nípò. Ànábì sì ti jẹ́ kó yé wa pé àníyàn ọkàn ni Ọlọ́hun ń wò lára ẹni tó ṣí. Wíwá oúnjẹ halali fún òbí àti ọmọ kì í ṣe àníyàn burúkú.

Ohun tó ń dùn wá ni owó tí àwọn kan nínú wa fi ń lọ.

Lálẹ́ tí Ànábì kúrò ní Mẹ́kà, àwọn Kuraiṣi ti pinnu láti pa á. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Mẹ́kà yìí kan náà ló ń kó ohun iyebíye wọn fún un pa mọ́, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí olùfọkàntán. Ẹrù ẹlẹ́rù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ì bá ní, ṣebí wọ́n fẹ́ pa mí ni, ẹ jẹ́ kí n fi owó wọn ra ràkúnmí. Ànábì ní kí Aliyu sùn sórí ibùsùn òun, kó sì dúró lẹ́yìn òun láti dá gbogbo ẹrù náà padà fún àwọn tó ni ín. Òun àti Abubakar wà nínú ihò òkè Thawr fún òru mẹ́ta. Aliyu wà ní Mẹ́kà láàrin àwọn ọ̀tá, ó ń dá ẹrù padà. Ìgbà tó ṣe é tán ló tó lọ bá wọn ní Quba, lẹ́bàá Mẹ̀dínà.

Ẹ wá wo tiwa. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó àjọ. Kí oṣù tó parí ó ti wọ bàálù, ó ti yí nọ́ńbà fóònù padà. Òmíràn yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rẹ́ méjì fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Inú owó oṣù àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí, títí kan owó ilé-ìwé ọmọ wọn, ẹni tó lọ sì ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ẹ̀sìn yìí. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì láti kírun sí i lára. Nígbà tó gbọ́ pé ó jẹ gbèsè, tí kò sì fi ohun tí a lè fi san án sílẹ̀, ó ní kí àwọn yòókù kírun sí i lára. Ìgbà tí Abu Qatada ní òun gba gbèsè náà sọ́rùn ni Ànábì tó kírun.

Ẹnìkan lè sọ pé, bí mo bá ní láti san tán kí n tó lọ, n kò ní lọ láé. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ànábì pàápàá kò dúró. Ní ìkọ̀kọ̀ ló lọ. Ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí yóò dá a padà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀, orúkọ àti iye, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Al-Kùránì ti pàṣẹ kíkọ gbèsè sílẹ̀ nínú Suratul Bakara, àyọkà 282. Ẹ pe onídùúró yín, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, kí ẹ jọ dá oṣù tí owó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó ti lọ láìṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ onídùúró rẹ̀ láago kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kò. Nọ́ńbà tirẹ̀ kò tíì yí padà.