Ẹ̀jẹ́ àti Ẹ̀jẹ̀: Ṣé Ẹni Tó Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ Lè Gbà Á Padà?



Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló kàn láàárín àwa tí à ń gbé ní New Cross àti Peckham níbí. Bí èèyàn bá ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àwọn dókítà láti fi dán oògùn tuntun wò, ṣé ó tọ́ kó jáde kí iṣẹ́ tó parí?

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá mi fínra láti kékeré. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń lo oògùn gidi, àwọn kan ń lo kóró lásán, èmi ò sì mọ èyí tí wọ́n ń fún mi. Oṣooṣù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi. Báyìí, orí fífọ́ kan tí n kò ní tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá mi ní Ìbàdàn ní kí n fi sílẹ̀ kíá. Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ilé òrìṣà ní rárá, ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ san án.

Ẹ̀rù tó ń ba màmá mi kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer fún 100 ọmọdé ní oògùn tuntun tó ń jẹ́ Trovan, wọ́n fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá kú nínú àwọn ọmọ náà. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí owó ìtánràn, 75 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àgbàlagbà 299 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló yọ̀ǹda ara wọn kí ayé tó mọ̀ pé hydroxyurea ń dín ìrora wa kù. Ní 1995, wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, torí àǹfààní rẹ̀ ti hàn kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni Oxbryta, tí ọ̀pọ̀ wa yọ̀ mọ́: oṣù kẹsàn-án 2024 ni Pfizer kó o kúrò lọ́jà kárí ayé, torí ohun tí àwọn ìwádìí fi hàn nípa ikú àti ìrora tó pọ̀ sí i. Àwọn tó wà nínú ìwádìí ló jẹ́ ká mọ ibi tó dáa, àwọn náà ló jẹ́ ká mọ ibi tó burú.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹ̀jẹ́ fúnra rẹ̀ wò. Bí a bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú òrìṣà, a máa ń dárúkọ ohun tí a ó san. Ìwé tí mo fọwọ́ sí sọ pé mo lè jáde nígbàkígbà, láìsọ ìdí, kí ìtọ́jú mi má sì yingin. Ìkéde Helsinki tí àwọn dókítà ayé ṣe ní 1964 náà mọ ẹ̀tọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn yẹn wà lára ilé tí mo wọ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde kò da ẹ̀jẹ́ kankan.

Orí ẹni ló ń gbà fúnni, a kì í sì í fi orí dógò. Mo gbà lóṣù kìíní; lóṣù kẹjọ, orí mi náà ni wọ́n tún gbọ́dọ̀ bi.

Kí wá ni mo jẹ́ àwọn ẹlòmíràn? Òtítọ́ ni. Bí mo bá jáde láìsọ̀rọ̀, orí fífọ́ mi bá mi lọ nìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì rò pé òun ni àkọ́kọ́. Òfin ò ní kí n ṣàlàyé, ìwà ló ní kí n ṣe é.

Gbèsè wà lọ́rùn àwọn náà. Ní St Mary's Road, Peckham níbí, ilé Pioneer Health Centre ṣí ní 1935. Àwọn ìdílé ń san ṣílè kan lọ́sẹ̀, àwọn dókítà ń wádìí ìlera wọn, wọ́n sì ń jókòó sọ ohun tí wọ́n rí fún ìdílé náà.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni màá bi dókítà: ṣé àwọn mìíràn ti ráhùn orí fífọ́? Ṣé wọn yóò sọ àbájáde fún wa? Bí wọ́n bá dáhùn bó ti yẹ, màá dúró. Bí wọn ò bá dáhùn, màá jáde. N kò ní kàn da oògùn nù, torí ìyẹn náà léwu. Màá sọ ohun tí ara mi rí, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi.

Kí orí wa má ta kò wá. Àṣẹ.