Ṣé Kí Ọmọ Ṣáà Ti Yó Ni?

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ bá ti yó, ṣé ojúṣe wa ti parí? Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ fún àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní sí ìkẹta nílé ìwé ìjọba. 70 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Ní 2022, wọ́n sọ ọ́ di 100 náírà.

Ẹnìkan lè ní, “Ó ṣáà sàn ju ebi lọ.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sàn ju ebi lọ lè má tó ohun tó tọ́ sí ọmọ. Gààrí a máa yó ọmọ. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ló ń mú un dàgbà.

A máa ń sọ pé ohun tí a bá lè gbé fún ọmọ tiwa ni kí a gbé fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ní Dọ̀pẹmú níbí, bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ọ̀pọ̀ wa ń dì sínú báàgì ọmọ tiwa, nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́, ọkọ̀ sì ń dúró. Nítorí náà, ohun tí ara ọmọ ń fẹ́ ni kó jẹ́ òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìkánjú wa, kì í sì í ṣe àpò ìjọba.

Bí ọmọ bá dé lọ́sàn-án, ẹ má bi í pé, “Ṣé o yó?” nìkan. Ẹ bi í pé, “Kí lo jẹ?”