Ta Ló Ni Ọmọ Tí A Bí Sójú Ọ̀nà Àjò?

Ìbéèrè kan wà tí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá gbé ka iwájú ìran Yorùbá ní ayé òde òní, tí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé ó ti ré kọjá ọ̀rọ̀ eré, ó ti dé ìdí ohun tí ènìyàn jẹ́ gan-an: bí bàbá àti ìyá bá kúrò nílé, tí wọ́n bímọ sí ìlú tí kì í ṣe tiwọn, tí ìlú náà wo ọmọ ọ̀hún dàgbà, tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, tí ọmọ náà sì wá di ẹni tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, ta ni ó ni ín, àwọn tí wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ ni, tàbí àwọn tí wọ́n fún un ní ilẹ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀?

Kò sí ibi tí àríyànjiyàn yìí ti ń gbóná tó àgbègbè wa yìí, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n, níbi tí ọjà Alábà ti ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún àwọn oníṣòwò tí ń ti ìlú òkèèrè wá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, sì ń fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ńṣì ní ilé tí a ti ń san owó wo bọ́ọ̀lù. Bí ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wọ pápá, tí bọ́ọ̀lù sì dé ẹsẹ̀ òsì Bukayo Saka, apá kan á hó yèè pé ọmọ wa ni, apá kejì á sì bi wọ́n pé bí ó bá jẹ́ ọmọ wa, kí ló dé tí kò wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà? Àwọn ti ìṣáájú á ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ tí ó ń jẹ́ sì ti tó ẹ̀rí. Àwọn ti ẹ̀yìn á ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe kò wọ́n lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn, ìdájọ́ òdodo ni ó wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú ọmọ yìí rí. Ealing ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ọ̀dọ̀ Arsenal ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù di pẹnáritì ní Wembley, òun, ọmọ ọdún 19, ni wọ́n gbé ìkẹyìn lé lọ́wọ́. Aṣọ́lé ilẹ̀ Ítálì mú un, ife sì bọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ojúmọ́ kò tíì mọ́ tí èébú àwọ̀ dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lé e lórí, tí àwọn tí wọ́n ti ń pè é ní ọmọ wọn ní àná ń sọ fún un pé kí ó máa lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá: ìwà burúkú tí òwe yìí ń bá wí nínú ilé olórogún náà ni wọ́n hù sí ọmọdé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn kan wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ń fi ìyà tí ó jẹ ẹ́ ṣe ìwàásù, tí wọ́n ní ó tọ́ sí i nítorí pé kò wá gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ẹni tí ó lé ọmọ jáde nítorí pé ó tàsé àti ẹni tí ó ń yọ̀ pé wọ́n lé e, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Saka kò sì sá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kojú Switzerland ní Düsseldorf, òun ni ó gbá èyí tí ó dá ayò náà padà sí ọ̀mì sáwọ̀n, nígbà tí ó sì di pẹnáritì, ó tún jáde, ó gbá a, ó sì wọlé.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Ademola Lookman àti Fikayo Tomori jọ wà nínú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní South Korea ní ọdún 2017. Tomori, tí a bí sí Calgary ní ilẹ̀ Kánádà, dúró ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Lookman, ọmọ Wandsworth ní Lọ́ńdọ̀nù, yí padà sí Nàìjíríà ní ọdún 2022, ó sì di ẹni tí a fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó ta gbogbo Áfíríkà yọ ní ọdún 2024. Folarin Balogun, tí Brooklyn ní New York bí, tí Lọ́ńdọ̀nù wò dàgbà, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì wà lára rẹ̀, ní ìlẹ̀kùn mẹ́ta níwájú; ti Amẹ́ríkà ni ó wọlé ní ọdún 2023. David Alaba, tí bàbá rẹ̀ ti Ògèrè ní Rẹ́mọ lọ, tí ìyá rẹ̀ sì ti ilẹ̀ Philippines wá, gbá bọ́ọ̀lù fún Austria tí wọ́n bí i sí láti ọmọ ọdún 17. FIFA náà sì ti tú okùn òfin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ní ọdún 2009 wọ́n mú gbèdéke ọjọ́ orí kúrò lórí ìyípadà, ní ọdún 2020 wọ́n tún fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti bá ikọ̀ àgbà gbá ìwọ̀nba ayò mélòó kan nígbà tí wọ́n kéré.

Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí ìbéèrè yìí ti le jù, kí ó wo ìdílé Aluko. Eniola, ẹ̀gbọ́n obìnrin, Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1987. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dàgbà sí, ó sì wọ aṣọ ikọ̀ obìnrin wọn nígbà 102. Sone, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọdún 1989. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àgbà, Nàìjíríà ni ó gbá fún. Ẹni tí a bí sílé gbá fún òkèèrè, ẹni tí a bí sókèèrè gbá fún ilé. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Croatia náà, tí àwọn òbí wọn fọ́n ká orí ilẹ̀ ayé: ní Stuttgart, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2006, nígbà tí Australia àti Croatia ta ọ̀mì méjì-méjì ní ife àgbáyé, Mark Viduka tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Croatia ni balógun Australia, Josip Šimunić tí a bí sí Canberra sì wà lẹ́yìn fún Croatia. Èwo nínú àwọn ọmọ Aluko ni a óò wá sọ pé ó da ìdílé? Bí a bá ní Eniola ni, ǹjẹ́ ó dẹ́kun jíjẹ́ ẹ̀gbọ́n Sone? Bí orúkọ ilé kan náà bá lè wà lẹ́yìn aṣọ méjì tí ilé náà kò sì fọ́, a jẹ́ pé ohun tí a fi ń lu àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ìdí tí ó fi ń gún wọn lára.

Àwọn baba wa ti rò ó jinlẹ̀. Wọ́n ní kí ènìyàn tó wá sáyé, ó ti dé ọ̀dọ̀ Àjàlá tí ń mọ orí, ó sì ti kúnlẹ̀ níwájú Olódùmarè. Nínú ohun tí ó mú bọ̀, a rí èyí tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ yàn, a rí èyí tí a fi fún un, a sì rí èyí tí a yàn mọ́ ọn tí kò ṣeé já kúrò. Àwọn kan gba èyí ní ìdáhùn tán, wọ́n ní aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orí Saka yàn fún un láti ọ̀run. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdílé ni a yàn mọ́ ọmọ, nítorí kò sí ọba tàbí àjọ tí ó lè sọ ọmọ Ògèrè di ẹni tí kò ti Ògèrè wá. Ibi tí a bí i sí, a fi fún un ni, kò bèèrè. Ṣùgbọ́n aṣọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbà á, pẹ̀lú ojú tí ó là sílẹ̀. Àwọn babaláwo kò sì fi ọ̀rọ̀ mọ sórí nìkan, wọ́n kọ́ wa pé ẹsẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, pé orí rere tí kò rí ẹsẹ̀ gbé e rìn kò ní dé ibi tí ó yàn. Aṣọ orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun tí a sì lè bèèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni pé kí ó san án tọkàntọkàn, kí ó má fi ẹsẹ̀ kan síta.

Onígbàgbọ́ tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ orí, kí ó ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, kí ó wo Pọ́ọ̀lù. Ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì ni, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù láti nà án, ó ní ará Róòmù ni òun, nígbà tí ọ̀gágun sì sọ pé owó ńlá ni òun fi ra ẹ̀tọ́ yẹn, Pọ́ọ̀lù fèsì pé ní tòun, a bí i mọ́ òun ni. Kò sí Júù kan nínú ìwé náà tí ó bi í pé ṣé ó ti ta Bẹ́ńjámínì. Mùsùlùmí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú Súrà Hújúrátì, níbi tí Ọlọ́run ti sọ ìdí tí Òun fi pín ènìyàn sí orílẹ̀ àti ẹ̀yà, pé kí wọ́n lè mọ ara wọn ni, àti pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni a ó fi díwọ̀n ọlá.

Ní ti Nàìjíríà, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹni tí kò sí nínú igba ojú yẹn, kí ó rọra bèèrè ìpín nígbà tí ọmọ bá di olókìkí. N kò wí pé kí Nàìjíríà má pe àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ó pè wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀, kí ó má ṣe bí ẹni tí ń gba gbèsè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yí ojú padà sí ilé ara wa. Ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì gba Okokomaiko kọjá, kò sì dúró títí ó fi dé Sẹ̀mẹ̀. Lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀ ni Àjàṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kútọnu, lẹ́yìn rẹ̀ ni Lomé. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìlà pín ilẹ̀ yìí láàárín ara wọn, tí Kétu àti Sábẹ̀ bọ́ sí òdìkejì, tí àwọn Ègùn sì di ará ilẹ̀ méjì. Láti ojú ọ̀nà yìí ni a ti rí Razak Omotoyossi, tí a bí ní Èkó, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Benin. Láti ojú ọ̀nà yìí ni a ti rí Ṣèyí Emmanuel Adebayor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá ará Nàìjíríà, tí wọ́n bí i ní Lomé ní ọdún 1984. Togo kò bi í ní ìlú bàbá rẹ̀ kí ó tó gbà á. Ó bá wọn lọ sí ife àgbáyé ti ọdún 2006, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Togo tíì dé ibẹ̀. Ó di agbábọ́ọ̀lù tí ó ta Áfíríkà yọ ní ọdún 2008. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ó wà nínú bọ́ọ̀sì ikọ̀ Togo tí wọ́n yìnbọn sí ní Cabinda, tí àwọn kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń lọ kú. Ó fi ikọ̀ náà sílẹ̀ nínú ìbànújẹ́, ó sì tún padà, wọ́n sì jọ dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ife Áfíríkà ní ọdún 2013, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn.

Bí ọmọ Yorùbá bá lè rí irú ìtẹ́wọ́gbà yìí ní Lomé, kí ni ọmọ ará Lomé ń rí ní Okokomaiko? Ọmọ tí a bí sí Ìbà, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Togo, tí ó ń sọ Yorùbá bí ẹni fọ́ ẹ̀pà jẹ, tí ó lọ sí ilé-ìwé níbí, òfin ilẹ̀ wa kò kà á sí ọmọ Nàìjíríà. Abala 25 Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 gba ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù wọlé bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀, àfi bí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Kí ó tó lè bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti di àgbà, kí ó sì ti gbé níbí fún ọdún 15. Ọmọ Ìgbò tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Alábà, tí kò mọ ilé mìíràn, ọmọ Nàìjíríà ni ní tirẹ̀, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù ń bi í ní ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá ní gbogbo ibi tí ó bá yà sí. Àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí pàápàá, ìtàn wọn ni pé Ògúnfúnminíre ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ó tẹ̀lé àwo lójú omi títí àwo fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Arìnrìn-àjò ni ó tẹ ìlú dó fún wa, ìwé Léfítíkù sì ti pàṣẹ pé kí a ka àlejò tí ń bá wa gbé sí ẹni tí a bí láàárín wa.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ẹnu ẹni tí ń bá Saka jà gbọ́ títí yóò fi sọ ohun tí ó ń ṣe fún ọmọ àlejò ní ilé kejì sí tirẹ̀. Mo ń bẹ àwọn aṣòfin wa ní Àbújá pé kí wọ́n tún abala 25 ṣe, kí ọmọ tí a bí síbí, tí ó dàgbà síbí títí ó fi pé ọdún 18, lè di ọmọ Nàìjíríà bí ó bá fẹ́. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ jọ sórí pápá ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko: bí ọmọ bá dé, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní bọ́ọ̀lù, kí ẹ má sì bi í ní ìlú bàbá rẹ̀.