Ilà Ojú Bàbá Dà?

Ẹni tó bá gba Ìkòtún lọ sí Ìgàndò yóò rí i pé ojú òkú pọ̀ lára ògiri. Pósítà ìsìnkú ni: bàbá nínú agbádá, màmá nínú gèlè, ọjọ́ ìsìn àti ibi àsè nísàlẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe bánà àti ìwé ètò ìsìnkú kò jìnnà síra ní Ẹ̀gbẹ́dá, èyí tó bá sì ju agbára wọn lọ, Ṣómólú ni wọ́n ń gbé e lọ. Oníbàárà á ná owó bébà, á ná owó íńkì. Fótò nìkan ni kì í ná, nítorí ọ̀fẹ́ ló ti inú fóònù wá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbà tó kú ni kò ní fótò tí wọ́n dìídì yà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn ọmọ á wá inú fóònù, wọ́n á rí i pé ibi ìgbéyàwó kan ni bàbá ti rẹ́rìn-ín jù, láàárín èrò. Fótò náà á ti gba orí WhatsApp ẹbí kọjá, WhatsApp sì lè ti fún un títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù kò fi ní ju nǹkan bí 1,600 píkísẹ̀lì lọ. Nínú ìyẹn, orí bàbá lè má ju 200 lọ ní fífẹ̀. Bébà tí èèyàn ń mú dání kà sì ń fẹ́ nǹkan bí 300 nínú íńṣì kan kó tó mọ́ kedere. Ojú bàbá kò kún íńṣì kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ fẹ́ kó gba íńṣì 10 lórí pósítà. Píkísẹ̀lì 20 péré ló máa kan íńṣì kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orijínà ránṣẹ́," ni dísáínà á wí. "Ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fótò o, ẹ fi í ṣe dọ́kúmẹ́ǹtì."

Bí orijínà bá wà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n fóònù tó yà á lè ti bàjẹ́, tàbí kí wọ́n ti yọ ọ́ lápò ẹni tó ni ín.

Bánà ńlá máa ń tan ẹbí jẹ. Ọ̀ọ́kán la ti ń wò ó, nítorí náà píkísẹ̀lì 72 sí 100 nínú íńṣì kan tó o. Fótò tó rẹwà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lè wá ṣe bàìbàì nínú ìwé ètò tó wà lórí itan, wọ́n á sì dá atẹ̀wé lẹ́bi. Àwọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú fóònù fi ń dá àwọ̀. Íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ń lò, bébà sì máa ń fa íńkì mu, tí ibi tó ṣókùnkùn á fi túbọ̀ ṣókùnkùn. Ojú adúláwọ̀ tó ń dán lórí fóònù lè dé orí bébà bí èédú. Dísáínà tó mọṣẹ́ á mú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á tẹ ẹyọ kan wò kó tó tẹ 500. Kò parọ́ mọ́ olóògbé, ohun tí bébà fẹ́ gbé mì ló gbà padà. Ìfìyàjẹ ojú dúdú kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Shirley ló wà lórí káàdì tí ilé ìfọ fótò fi ń díwọ̀n àwọ̀ ara lórí fíìmù Kodak.

Ọ̀rọ̀ di ti ìgbàgbọ́ nígbà tí kò bá sí nǹkan kan nínú fáìlì tí èèyàn lè mú mọ́lẹ̀. Áàpù pọ̀ báyìí tó ń tún fótò ṣe. Tẹ bọ́tìnì kan, bàbá tó ṣe bàìbàì á ní ìpénpéjú, á ní eyín, ara rẹ̀ á jọ̀lọ̀. Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ló rò ó láti inú ojú ẹlòmíràn tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n fún PULSE, ẹ̀rọ tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe, ní fótò Barack Obama tó ṣe bàìbàì. Ojú òyìnbó ló gbé jáde. Àwọn tó ṣe é kúkú ti sọ pé kò lè fi ẹni tó wà nínú fótò hàn, pé ojú tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ló ń dá.

Nílẹ̀ Yorùbá, ilà ojú lè kọ́kọ́ bá a lọ. Àbàjà, pélé, gọ̀m̀bọ́: ẹ̀rọ tó ń dan ara lè ka gbogbo rẹ̀ sí àbàwọ́n kó sì pa á rẹ́. Àbúrò olóògbé tó ti Ọ̀yọ́ wá á wo pósítà, á ní, "Ta nìyí? Ilà ojú bàbá dà?"

Aáfà tó fàyè gba fótò sábà máa ń sọ pé kámẹ́rà kò dá nǹkan kan, pé òjìji ohun tí Ọlọ́run ti dá ló mú, bí dígí ṣe ń mú un. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n ní àwòrán ni àwòrán ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìkéde fídáù ọjọ́ kẹjọ ẹbí mìíràn kì í fi í ní fótò. Ṣùgbọ́n dígí kì í fi eyín síni lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ bá ti dá ìpénpéjú tí kámẹ́rà kò rí, iṣẹ́ ayàwòrán ló ṣe, àwíjàre dígí kò sì lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Kìrìsìtẹ́nì náà kò bọ́ níbẹ̀, nítorí ẹ̀rí èké wà lára ohun tí Òfin Mẹ́wàá kà léèwọ̀.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rù kí ọwọ́ èèyàn ṣe ojú òkú. Ní Ọ̀wọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó fún ẹni ńlá tó kú, ère tó ga tó èèyàn, tó jọ olóògbé. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ iyì, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú, wọ́n á sì sin ín. Ní àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, fọtogíráfà á tẹ fótò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, ọmọ kan náà á wọṣọ ọkùnrin, á tún wọ ti obìnrin. Ìyá ìbejì kò ní gbà pé ayédèrú ni. Ó mọ ojú ẹni tí òun ń wò, òun ló sì ní kí wọ́n ṣe é.

Ohun tó ya áàpù sọ́tọ̀ nìyẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, dísáínà tó ń kánjú kò sì sọ fún ẹbí pé ojú àfirò ni.

Nǹkan mìíràn wà tí wọn kì í wá: fótò dúdú-àti-funfun tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí bàbá yà ní sítúdíò. Bó bá jẹ́ íńṣì 5 sí 7, tí wọ́n sì fi 600 sí íńṣì kan sìkáànù rẹ̀, yóò fún wọn ní píkísẹ̀lì 3,000 sí 4,200. Bí ojú bàbá bá kún fótò náà, íńṣì 10 tí àwọn ọmọ ń fẹ́ gan-an nìyẹn, tòun ti ilà. Wọ́n lè ráhùn pé ẹni ogójì ọdún kọ́ ló kú. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò fi dandan mú ọjọ́ orí nínú àwòrán òkú: láyé àtijọ́, ọmọ jòjòló tó kú ni wọ́n sábà ń gbẹ́ ère ìbejì fún, síbẹ̀ ara àgbàlagbà ni agbẹ́gilére máa ń fún un.